Mo Ti Ń Lúwẹ̀ẹ́ Báyìí

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àmọ́ ọ̀gá ní kí n lọ sinmi díẹ̀, ó ti di oṣù kẹta. Àdírẹ́sì tí ẹ béèrè, ẹ ní sùúrù. Mo ṣì ń yan àdúgbò.

Mo ti ń lúwẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń kó gbogbo ẹrù mi lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú, torí omi gbígbóná wà ní balùwẹ̀ wọn. Mo kàn máa ń wẹ̀, màá sì jáde, títí obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi dá mi dúró.

"Bọ̀dá, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló ni balùwẹ̀ yìí. Ẹ wọnú adágún, tàbí kí ẹ máa lọ."

Mo bọ́ṣọ. Egungun ìhà mi ṣeé kà láti òkèèrè, ni mo bá fi táwẹ́ẹ̀lì bora bí ìyàwó tuntun. Ìyá àgbà kan wò mí látinú omi.

"Ọmọ mi, gbogbo wa la gbé ikùn wá síbí. Ìwọ tí o ò tiẹ̀ ní, kí lò ń bò?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, mo wọlé.

Wọ́n ti kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń nà gbalaja tí ẹnikẹ́ni kì í ní kí n dìde.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mo mọ́ tónítóní.