Àìsàn Ààrẹ Ti Fẹ́ Wó Ṣọ́ọ̀bù Mi

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ náà kí ọ, ó ti bí méjì. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí o ti ń gbálẹ̀ kò ní wó lé ọ lórí o.

Rédíò ló kọ́kọ́ sọ pé ààrẹ kéde pé ìjọba òun ti wọ pàjáwìrì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, nítorí yàrá tí wọ́n kọ Pàjáwìrì sí lára ilẹ̀kùn nílé ìwòsàn wa, ibẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde mọ́. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, oṣù mọ́kànlá rèé. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ní kò sẹ́ni tó ń pẹ́ ní pàjáwìrì, bí kò bá sàn lọ́jọ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé ó ti tán. Mo wá rí ààrẹ nínú tẹlifíṣàn onígbàjámọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ó ń fọwọ́ sí ìwé òfin bí ẹni ń gbin àgbàdo, wọ́n ní kò lè dúró de àwọn aṣòfin. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àìsàn wo ni kì í jẹ́ kéèyàn lè dúró de aṣòfin, tó sì ń jẹ́ kó lè ṣòfin? Onígbàjámọ̀ ní bí pàjáwìrì ṣe rí nìyẹn, pé bó bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè nǹkan kan. Àìsàn yìí mà gbọ́n o!

Ó ti wá kàn mí báyìí. Ìwé kan tó fọwọ́ sí ní kí wọ́n la títì gba inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi kọjá, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni katakata ń bọ̀ wá wó o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fá pákó níbẹ̀, pákó yẹn ló sì rán ọ níléèwé. Mo ní kí o bẹ àwọn aṣòfin kí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, o kọ̀wé padà pé wọ́n á wá, wọ́n á fọwọ́ síwèé pé àwọn wá, wọ́n á sì máa lọ, eruku nìkan ló ń jókòó lórí àga wọn. Ọmọ mi, má nu eruku yẹn mọ́, òun nìkan ló ń wá síbi iṣẹ́ déédéé.

Mo ti ṣe tèmi. Mo fi ọ̀dà pupa kọ PÀJÁWÌRÌ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì kan bẹ́ẹ̀dì kan sínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ìrọ̀rí ránṣẹ́, kí o fún awakọ̀ mú bọ̀. Má fi gba báńkì o, wọ́n lè ní àwọn náà ti wọ pàjáwìrì.

Ọlọ́run kò ní fi àìsàn tó ń múni sanra ṣe ọ́. Bílẹ̀ Ọjọ́rú bá ti mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọn yóò bá mi. Bí aláìsàn kan bá lè ti orí ibùsùn wó ilé onílé, aláìsàn kejì lè ti orí ibùsùn ṣọ́ tirẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ le koko.