Àwọn Àlejò Ẹ̀yìn Kànga

Salahudeen, ọmọ mi àtàtà ní Àbíjàn,

Mo kí ọ bí ẹni tó wà níwájú mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilẹ̀ àjèjì ò ní gbé ọ mì. Gbogbo wa nílé wà dáadáa, àfi orúnkún mi. Mi ò pe akọ̀wé sí lẹ́tà yìí, o ó rí ìdí rẹ̀.

O rántí ibi tí bàbá rẹ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga? Mùtmàínà, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, ní epo dísù tó ń jò níbẹ̀ ló wọlẹ̀ lọ bá omi wa. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan tí ojú kì í rí wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ epo, kí n máa bu ìgbẹ́ adìyẹ fún wọn, kí n máa fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà, wọn á jẹ epo náà tán, omi wa á sì mọ́. Mo gbà wọ́n lálejò. Láràárọ̀ ni mo ń sálámà sí wọn, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí láti gbé irú oúnjẹ yẹn síwájú àlejò. Nígbà ààwẹ̀, ó di ìrun mọ̀ngáríbì kí n tó fún wọn, torí mi ò mọ ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe.

Oṣooṣù ni Mùtmàínà ń wá bu erùpẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Á jókòó sórí àpótí rẹ, á jẹ ẹ̀kọ tán, á tún bèèrè sí i. Ọdún keje rèé tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn nílé yìí. Ó wá ní epo ti ń tán, pé bó bá tán, àwọn àlejò mi ò ní rí nǹkan jẹ mọ́, wọn á lọ, òun náà á sì lọ. Bí ìwọ náà ṣe lọ nìyẹn. Ni mo bá ra kẹ́ẹ̀gì dísù kan, mo bu agolo mílíìkì kan níbẹ̀ dà sílẹ̀ náà.

Nígbà tó padà wá, ó káwọ́ lérí, ó ní epo ti pọ̀ sí i, pé ìyá òun ń retí òun ní Ìwó, òun ò sì lè lọ àfi tí iṣẹ́ yìí bá yọrí. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló mú mi. Mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Mo gbé dísù tó kù fún Jímọ́ọ̀ tó ń wa katakata.

Bówó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ ti wọ́n ní Èjìgbò, mi ò sì fẹ́ kébi pa àlejò. Mùtmàínà ní ó ku bí oṣù mẹ́fà. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ wọlé, á ṣọ́ ọ jáde, á sì jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ kí epo inú ilẹ̀ yìí tó tán.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wàlíyátù