Ọjọ́ Tí Wọ́n Kẹ̀yìn sí Kóòṣì

Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹta

Wọ́n tún nà wá. Mẹ́ta sí òdo. Nílé wa, lórí pápá wa, lójú gbogbo ayé.

Èébú tí wọ́n bú kóòṣì lónìí, èèyàn ò gbọdọ̀ fi bú ajá. Orí mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, torí ìlà iwájú ni àga mi wà, àga tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń jókòó sí kí àwọn tó ń pariwo yìí tó hu eyín. Kóòṣì ọ̀hún, èmi ni mo bí i. Wọ́n mọ̀. Wọ́n á bú u tán, wọ́n á wá fọwọ́ kàn mí léjìká: "Màmá, ẹ má bínú o. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí."

Ta wá ni? Ṣé igi ni mo fi gbẹ́ ẹ ni?

Àìkú, 4

Òjò. Ìdí ń ro mí. Mi ò jáde.

Nọ́ọ̀sì, ìyẹn ọmọ mi obìnrin, ló ní kí n máa kọ ìwé yìí kí ọpọlọ mi má baà sùn lọ. Ọpọlọ ta ló ń sùn? Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ, ẹni tó kàwé mẹ́wàá á lè kà á.

Ajé, 5

Mo gbé ṣòkòtò Onígbàjámọ̀ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gé e lẹ́sẹ̀, mo ti ká etí rẹ̀, mo ti rán an. Títí di òní, kò sí télọ̀ tó lè fi ìka kan ojú rírán mi pé ó wọ́.

Ìjà bọ́ọ̀lù ni mo bá níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ di abẹ mú, ó ń fì í lókè bí ẹni ń wàásù. Ọkùnrin kan wà lórí àga, ó ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fún un, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ èkejì.

Onígbàjámọ̀ ní nínú ayé yìí, ta ló ń ra oníwájú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà láì ra ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dúró lẹ́yìn? Ó ní fèrèsé márùn-ún ni kóòṣì rà sí ilé tí kò ní ògiri. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, torí Ògiri ni à ń pe balógun wa, ẹni tó dí ẹ̀yìn fún wa lọ́dún mẹ́sàn-án, tí kóòṣì kàn ní kó máa lọ nínú oṣù kìíní, láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ó ní ọmọdé ni àwọn márààrún, wọ́n á dàgbà sínú iṣẹ́, ẹgbẹ́ ò sì ní máa ra arúgbó kiri mọ́.

"Tíṣà," ni Onígbàjámọ̀ wí, "ṣé jẹ́lé-ó-sinmi la máa ń wá wò ní Sátidé ni?"

Ọkùnrin ọlọ́ṣẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá èyí tó kù." Abẹ ṣì wà lókè.

Wọ́n wá wojú mi. Mo ní, "Onígbàjámọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lo fá. Parí tìrẹ ná kí o tó kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́." Mo gbé orí mi sókè, mo jáde.

Ìwé yìí nìkan ni mò ń sọ fún: òótọ́ ló sọ. Olóríkunkun ra fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń pe kóòṣì níbí. Ibi tó ti jogún orí kunkun ò jìnnà.

Ọjọ́rú, 7

Tíṣà yà kí mi. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ire. Wọ́n ti pinnu. Tó bá di Sátidé, bí kóòṣì bá ṣe ń jáde, Onígbàjámọ̀ á fọn fèrè, gbogbo ìjókòó á dìde, wọ́n á kẹ̀yìn sí i.

Bí tiwa ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. A kì í ju òkò, a kì í ya wọ pápá. Ẹ̀yìn lásán. Kóòṣì tí a bá ti kẹ̀yìn sí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ló ń di ẹrù. Kò tíì sí èyí tó dúró.

"Ẹ kúkú jókòó sílé lọ́jọ́ náà, Màmá," ni Tíṣà wí.

Kí n jókòó sílé. Èmi. Kí àga mi ṣófo, kí wọ́n ní ìtìjú ti tì mí mọ́lé.

Ọjọ́bọ̀, 8

Olóríkunkun wá. Kò pè kó tó wá. Ó ti rù. Mo din ẹyin fún un, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè.

Ó yẹ kí n jẹ́ kó jẹun tán. Mi ò jẹ́. Mo ní èwo ni ti oníwájú márùn-ún? Ó ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Mo ní Ògiri ńkọ́, kí ló ṣe fún ọ? Ó bu ẹyin sẹ́nu. Mo tún bi í. Ó tún bu òmíràn. Inú bí mi. Mo ní, "Bí kì í bá ṣe pé mo bí ọ ni, èmi náà ì bá bá wọn kẹ̀yìn sí ọ."

Ó gbé àwo sílẹ̀.

Ìgbà náà ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Orúnkún Ògiri ti bàjẹ́ tán. Dókítà ní bó bá fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún kan sí i, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn. Ògiri fúnra rẹ̀ ló wá bá a, ó sunkún (Ògiri yẹn!), ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnì kankan. Ó ní ó sàn kí àwọn èèyàn máa bínú pé wọ́n lé òun ju kí wọ́n máa káàánú òun.

"Mo sì ti ṣèlérí fún un, Màmá. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan."

Ó lọ. Ẹyin tó jẹ kù ti tutù nínú àwo.

Mi ò sọ fún un pé kó má bínú. Ẹnu mi kì í yá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, bí gbogbo wọn bá yí padà, èmi á jókòó. Màá kọjú sí i. Màá máa wò ó títí á fi rí mi. Ojú mi á bá mi sọ ọ́.

Àwọn fèrèsé yẹn ṣì pọ̀ jù o. Mi ò kó ìyẹn jẹ.

Ẹtì, 9

Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ síkáàfù búlúù mi, èyí tó ń dán yòò. Kó lè tètè rí mi láàárín èrò.

Àbámẹ́ta, 10

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Àìkú, 11

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kó tó di pé mo ń bu iyọ̀ sí i.

Mo tètè dé. Tíṣà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n ti na aṣọ gígùn kan sẹ́yìn wa, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé KÓÒṢÌ, MÁA LỌ. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n gbé e fún kó rán. Òwú ti ń já létí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ lé ọmọ mi, ṣé aṣọ tí wọ́n rán dáadáa ò sí ni?

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde. Mo ti múra.

Onígbàjámọ̀ bá kígbe lẹ́yìn, kí gbogbo èrò lè gbọ́: "Ìlara ló fi lé Ògiri! Ó rí i pé a fẹ́ràn Ògiri ju òun lọ!"

Ìlara. Ọmọ mi tó ń gba èébú nítorí orúnkún ẹlòmíì. Mo mọ̀, mi ò sì lè sọ. Nǹkan kan gbé mi dìde kí ìdí mi tó rántí pé ó ń ro mí. Mo yí sí wọn. Mo na ìka sí Onígbàjámọ̀. Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé! O ò mọ nǹkan kan! Gbogbo yín, ẹ ò mọ..."

Fèrè dún.

Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpàkọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìpàkọ́ lọ rẹrẹẹrẹ títí dé òkè. Gbogbo pápá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Inú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé kóòṣì ti jáde, pé ó ti wà lẹ́yìn mi, àti pé ẹ̀yìn ni èmi náà kọ sí i, bíi tiwọn.

Mo fẹ́ yí. Ìdí há. Mo di irin iwájú mú, mò ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Nígbà tí mo fi yí tán, ó ti wọ abẹ́ òrùlé kékeré tí àwọn kóòṣì ń jókòó sí. Ó ti dorí kodò.

Tíṣà nìkan ni kò dìde. Òun nìkan ló rí ojú kóòṣì. Mo ní ṣé ó rí mi? Tíṣà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó rí yín, Màmá. Ó dúró. Ó wò yín pẹ́."

Wọ́n nà wá, ẹyọ kan. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé.

Ajé, 12

Fọ́tò wa wà nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yìn lọ súà. Èmi níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú síkáàfù tí mo fọwọ́ ara mi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá tó bí i pàápàá ti kẹ̀yìn sí i. Mo tún un kà. Kò yí padà.

Ìka tí mo nà ò hàn. Ẹnu tí mo là ò hàn.

Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, Onígbàjámọ̀ sáré jáde. Ó ti gé fọ́tò náà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí rẹ̀. "Màmá wa! Ẹ̀yin lẹ fi hàn wá pé ẹgbẹ́ ju ọmọ lọ!" Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mò ń bú lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin òmùgọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Màmá yìí, ẹ̀fẹ̀ wọn ò lópin.

Ìṣẹ́gun, 13

Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rédíò ni mo ti gbọ́, bíi ti àjèjì.

Mo pe fóònù rẹ̀. Kò gbé e. Mo tún pè. Kò gbé e.

Mi ò pè mọ́.

Ẹtì, 16

Nọ́ọ̀sì dé tòun taṣọ iṣẹ́. Ariwo ló fi ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n òun nílé, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n ṣàlàyé. Mo ní kí n lọ bẹ ọmọ tí mo bí nítorí ohun tí mi ò ṣe?

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí ẹ sọ fún un ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu ẹ̀."

Olóríkunkun ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ní òun á lọ jẹ́rìí mi. Mo ní rárá. Láàárín èmi àti ọmọ mi, mi ò nílò lọ́yà.

Àbámẹ́ta, 17

Mi ò lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àga mi máa ṣófo láti ọjọ́ tí a sin bàbá wọn.

Ariwo gba ojú fèrèsé wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tíṣà yà wá sọ ọ́: mẹ́rin sí ẹyọ kan, àwọn ọmọ kékeré tí Olóríkunkun rà ni wọ́n sì gbá gbogbo rẹ̀ sáwọ̀n. Ó ní Onígbàjámọ̀ ń jó lórí àga. Ó ní ó ń bi gbogbo èèyàn pé, "Ta tiẹ̀ ló ra àwọn ọmọ yìí fún wa ná?"

Mo ti fèrèsé pa.

Ọjọ́rú, 21

Àwọn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sára àga. Mo ní kí wọ́n kọ tiwọn.

Àìkú, 25

Ó wá dágbére. Ó ti ríṣẹ́ ní ìlú kan tó jìnnà. Ògiri wà níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa ṣe é. Mo ní ó dára. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kóòtù rẹ̀ ya lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Mo ní kó bọ́ ọ wá. Ó fẹ́ kí n fi ẹ̀rọ rán an kíá. Mo ní ọwọ́ ni màá fi rán an. Ọwọ́ máa ń pẹ́.

Mò ń rán. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ márùn-ún. Mo ní fèrèsé rẹ dára. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ìgbà tó wà ní kékeré. Mo rò pé àsìkò ti tó. Mo ní, "Lọ́jọ́ Sátidé yẹn..."

"Màmá, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mi ò bínú. Ẹ kì í purọ́, mo mọ̀ yín."

Èmi kì í purọ́. Ìyẹn ni mo fi ń yangàn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí mo bá wá ní mi ò kẹ̀yìn sí i, á wo ojú mi, á ní irọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ojú ló ń ti ìyá òun. Òwú wà láàárín eyín mi. Mo já a. Mo fún un ní kóòtù.

Èmi kì í dúró wo ẹni tó ń lọ. Bí a bá ti dágbére, mo ti wọlé, iṣẹ́ ń dúró. Lónìí, mo tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo fọwọ́ ti ara ilẹ̀kùn. Mo kọjú sí i, gbogbo ojú mi. Mo ní bó bá dé ìyànà, á bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó ń lọ iléèwé, ibẹ̀ ló ti máa ń bojú wẹ̀yìn wò mí, tí mo bá sì ti wọlé, á pariwo orúkọ mi kí n lè jáde padà.

Ó dé ìyànà. Ó gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká kejì.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ojú rírán mi ni mò ń wò láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà. Ó gún. Kò wọ́ níbì kankan.