Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Dà Kọ fún Bàbá Bálì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1984

Mo lóyún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti mọ̀, èmi àti Onífìlà nìkan — ìwé, ìwọ lo ṣe ẹnì kẹta. Mi ò tíì sọ fún Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ló kọ́ mi pé aboyún kì í pariwo, kí ikùn fúnra rẹ̀ ròyìn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí ti pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Ìgbéyàwó wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mò ń fọ abọ́, mò ń jó. Mò ń sùn, mò ń rẹ́rìn-ín — Onífìlà ló sọ bẹ́ẹ̀. Láyíwọlá lorúkọ ọkọ mi; fìlà líle tí wọ́n ń dé níléeṣẹ́ wọn ní La Porte, nítòsí Houston níbí, ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó máa ń gbàgbé láti ṣí i tó bá wọlé.

Mo tún ríṣẹ́. Sísítà Wayan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa, ní kí n máa jókòó ti bàbá wọn lọ́sàn-án. Ará Bálì ni wọ́n, erékùṣù kan ní Indonéṣíà. Àìsàn ọkàn ń bá bàbá náà jà. Ìtọ́jú ni ọmọ wọn tìtorí rẹ̀ mú wọn wá sí Houston.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 6

Ketut lorúkọ Bàbá Bálì: ẹni tí wọ́n bí ṣìkẹrin. Wayan ni àkọ́bí. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa, Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe olùkọ́. Wọ́n kọ ìwé eré. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó kan, ojú tí wọ́n fi igi gbẹ́ ni wọ́n máa ń dé jó o. Bàbá ní ojú igi kì í rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a rín in.

Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè kọ̀wé púpọ̀ mọ́. Wọ́n ń fi Òyìnbó sọ ìtàn ayé wọn, èmi ń kọ ọ́. "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára, ìyàwó." Sìgá wọn ní kànáfùrù nínú. Wọn kì í tàn án, wọ́n kàn máa ń gbé e símú. Òórùn yẹn lé mi dé balùwẹ̀. Mo ní ẹ̀wà àná ni. Bàbá wò mí, wọ́n sì fi sìgá náà pa mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8

Máńgòrò mẹ́ta. Mi ò ṣẹ́ ọ̀kan kù fún Onífìlà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11

Ìtàn dé ọdún 1965. Wọ́n ń pa àwọn olùkọ́ nígbà yẹn, wọ́n ní kọ́múníìsì ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ Bàbá, Made, ló ń kọ́ kíláàsì tó tẹ̀ lé tiwọn. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jọ ń gùn lọ síṣẹ́. Àwọn ọkùnrin kan mú ìwé orúkọ wá. Orúkọ Made wà níbẹ̀. Ti Bàbá kò sí. Wọn ò rí òkú Made títí dòní.

Bàbá ní kí n gbé kálámù sílẹ̀. Wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò títí ìrẹsì tí mo gbé kaná fi jinná.



Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14

Iṣẹ́ yí padà. Lẹ́tà ni báyìí. Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi wo kàlẹ́ńdà wọn — wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà bíi tiwa, wọ́n tún ń ka oríṣi ọ̀sẹ̀ mìíràn mọ́ ọn — kí wọ́n tó mú ọjọ́ kan. Wọ́n fi ọwọ́ gbígbọ̀n kọ lẹ́tà kan ní èdè wọn. Kí n dà á kọ lọ́nà mọ́kànlélógójì, fún àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé láyé àtijọ́. Kí n má tíì sọ fún Wayan.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi déètì. Mo ní, ayẹyẹ kí ni, Bàbá? Wọ́n ní àwọn àti ọ̀rẹ́ àwọn fẹ́ jọ rìnrìn àjò. Mo rò pé wọ́n ti lọ́rẹ̀ẹ́ tuntun ní Houston. Mo rò pé ara wọn ti ń yá. Inú mi dùn débi pé — kò sẹ́ni tó rán mi — mo fi Òyìnbó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn: ẹ wá bá wa yọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 16

Onífìlà fi mọ́tò gbé mi lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó ní, Mojọlá, kí ló wà nínú wọn? Mo ní ayẹyẹ. Ó ní ta ló sọ fún mi? Mo ní inú mi ni. Ó ní inú mi yìí, àtìgbà tó ti gba àlejò, kò mọ nǹkan mìíràn sọ mọ́ ju ayẹyẹ àti máńgòrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19

Bàbá ò jẹun ọ̀sán. Wọ́n ń kó ìwé wọn sínú páálí, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni páálí kọ̀ọ̀kan sí i lára. Kò sí orúkọ tiwọn lára èyíkéyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22

Bàbá ní kí n má wá mọ́. Ohùn jẹ́jẹ́. Wọn ò sọ ìdí. Mo sunkún délé — kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ṣé wọ́n ti mọ ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà ni?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25

Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dé. Orí àga ni wọ́n gbé Bàbá lé sọ̀kalẹ̀. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ yíjú sí ògiri nígbà tí wọ́n kọjá lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1 oṣù keje

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣì wà ní títì. Onífìlà ní kí n jẹun, kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń jẹun fún. Mo jẹ. Inú mi ṣì ń dùn, ojú sì ń tì mí pé ó ń dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6

Sísítà Wayan kan ilẹ̀kùn, tẹligíráàmù lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí Bàbá kọ́ níwèé ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: èdè wa inú lẹ́tà ò ṣeé kà, déètì àti ẹ wá bá wa yọ̀ nìkan la rí, gbogbo wa ń bọ̀ tayọ̀tayọ̀, ìgbéyàwó ta ni? Wayan ní kí ni mo kọ sáwọn èèyàn yìí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Lẹ́tà tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo gbé e fún wọn. Wọ́n kà á ní ìdúró, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi:

Ní ọjọ́ yìí, ẹ ó fi iná sun òkú èmi àti Made ní abúlé wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń dúró. Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣe é fún un. Kò lókùú, nítorí náà ẹ fi igi gbẹ́ àwòrán rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ tì mí, kí n mú un kọjá. Mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ni n ó fi wọ abúlé, àbí òkú mi ni wọ́n á gbé wọlé.

Wayan ní bí wọn ò bá sun òkú nílùú àwọn, ẹ̀mí rẹ̀ ò rọ́nà lọ. Ẹni tí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ a máa dúró de òkú ẹlòmíì tí yóò bá kọjá.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé ká kọ òmíràn, ká yí ọjọ́ padà. Wayan ní àwọn ti mú tẹligíráàmù lọ bi Bàbá ní ọsibítù láàárọ̀, ọjọ́ tí Bàbá fẹ́ padà sílé nìkan ni Bàbá sọ; àwọn bẹ̀ ẹ́ títí, Bàbá ní ọjọ́ ti jáde lẹ́nu òun. Dókítà ní ọkàn yẹn ò lè wọ bàálù. Dókítà kan náà ló ní Bàbá ò lè lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láyé mọ́. Wayan ti pe àwọn oníbàálù láti béèrè nípa àga kan fún Bàbá, àti bí wọ́n ṣe ń gbé pósí.

Mo ní èmi náà á bá wọn lọ, Onífìlà á yọ̀ǹda mi. Wayan gbọ́wọ́ lé ikùn mi — mi ò sọ fún wọn rí. Wọ́n ní Bàbá ló ti rí i, ìyẹn ni Bàbá ṣe lé mi: aboyún kì í sún mọ́ òkú, lọ́dọ̀ wọn bíi lọ́dọ̀ wa. "Gbogbo èèyàn ni Bàbá ní kó wá, àfi ìwọ."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú kálámù, tẹligíráàmù ń dúró de èsì. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ:

Kì í ṣe ìgbéyàwó, sísun òkú ni, ti Bàbá àti ti Made; ẹ fi igi gbẹ́ àwòrán Made. Bàbá fúnra wọn ń bọ̀, lórí àga tàbí nínú pósí. Kí gbogbo yín ti dé, kí oòrùn tó kan àtàrí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, 1984.