Bàálù Ńlá àti Kékeré Lójú Ọ̀nà Kan Náà

Ibùdó Àtúnṣe Bàálù,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ Bàálù Kékeré,
Ẹ̀yìn Pápákọ̀ Òfurufú.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Ààbò Ojú Òfurufú,
Àjà Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìrìnnà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LẸ́Ẹ̀KẸRIN LÓRÍ BÀÁLÙ AKÉRÒ ÀTI BÀÁLÙ KÉKERÉ TÓ Ń PÀDÉ LÓKÈ, ÀTI LÓRÍ Ẹ̀BI TÍ WỌ́N DÌ RU OLÙKỌ́ KAN

1. Èmi ni mẹkáníìkì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lókè yìí. Ó di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré palẹ̀, tí mo sì ń tò ó padà. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú àbọ̀ ìwádìí yín, àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi. Mi ò fi èyí pamọ́ fún yín rí.

2. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì ló wà ní pápákọ̀ wa. Èyí tó gùn wà fún bàálù akérò, èyí tó kúrú wà fún tiwa. Ìpẹ̀kun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora. Bí bàálù ńlá bá ń bọ̀ wálẹ̀, orí ibi tí àwọn tiwa ti ń yí láti balẹ̀ ló ń gbà. Ó sì máa ń fi ìjì sílẹ̀ lẹ́yìn. A kì í rí i, ṣùgbọ́n ó lè dojú bàálù kékeré délẹ̀ bí ẹni dojú abọ́ délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àga méjì fi wà nínú ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù: ẹnì kan fún àwọn ńlá, ẹnì kan fún àwọn kékeré. Ẹni tó ń jókòó sórí àga kejì fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Fún oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ìjàǹbá tí mò ń kọ̀wé lé lórí yìí, ẹ̀wù òjò ni wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn àga náà.

3. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ojú ọjọ́ sì mọ́ kedere. Àbúrò mi wà lókè pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kọ́ ìwakọ̀. Rédíò ibi iṣẹ́ wa wà ní títàn, mo sì gbọ́ ọ tó ní: “Mò ń yí bọ̀ láti balẹ̀. Ṣé ọ̀nà ṣófo?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún un béèrè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti yí padà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, mò ń rí bàálù ńlá kan lápá ọ̀tún mi.” Mo ju sípánà sílẹ̀, mo sáré jáde. Bàálù akérò náà gba orí wọn kọjá, ó lọ sílẹ̀ débi pé mo ka táyà rẹ̀. Kò kàn wọ́n. Mo ti ń dúpẹ́ kí ìjì ẹ̀yìn rẹ̀ tó bá wọn. Apá òsì bàálù wa rì sísàlẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ dà nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ wọn pátápátá ni àbúrò mi fi agbára gbé imú rẹ̀ sókè, tó sì fi í lulẹ̀ sínú oko ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ọgbà.

4. Nọ́ọ̀sì náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Òun ló di ọrùn olùkọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Àbúrò mi yè é. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́.

5. Àbọ̀ ìwádìí yín jáde ní oṣù Kẹfà. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ni. Kò sí ọ̀rọ̀ àga kejì nínú rẹ̀. Ohun tó wà lójú ewé kọkànlá ni pé: “Olùkọ́ náà kò fetí sí rédíò.” Wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ó tún lè gòkè mọ́.

6. Adarí bàálù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé gogoro lọ́jọ́ náà ti wá sílé wa kí àbọ̀ náà tó jáde. Etí àga ló jókòó sí, kò mu omi. Ó ní: “Ohùn méjì ló ń wọ etí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bàálù tó gbé igba èèyàn ni mo dá lóhùn. Àǹtí, ẹ foríjì mí.” Àbúrò mi ní: “Èmi náà ì bá dá tiwọn lóhùn.” Adarí náà ṣèlérí pé bẹ́ẹ̀ gan-an lòun á ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fọwọ́ sí fún yín ni pé òun pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn tí àbọ̀ náà jáde, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì pápákọ̀. Ó ní: “Bàbá, ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i tàbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀.” Mi ò bá a jà. Mi ò mọ ohun tí èmi náà ì bá ṣe.

7. Mo ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ò fèsì sí ti àkọ́kọ́. Èsì èkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fi ẹ̀sùn ariwo bàálù sùn, ó sì gbà mí nímọ̀ràn láti máa ti fèrèsé. Ẹ̀kẹta, fúnra mi ni mo gbé e wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ gbọ́ ohùn rédíò ọjọ́ náà tí wọ́n gbà sílẹ̀. Akọ̀wé yín, ọmọlúàbí èèyàn, sọ fún mi pé wọ́n máa ń pa á rẹ́ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́tà mi àkọ́kọ́, tó béèrè fún un, ti dé ọwọ́ yín ní ogún ọjọ́ péré lẹ́yìn ìjàǹbá náà.

8. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo ti rí bàálù ńlá àti kékeré tó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lókè lẹ́ẹ̀mejì, lóṣù Kẹjọ àti lóṣù Kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni ò já bọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí n jáwọ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀.” Ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé kọkànlá yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

9. Ohun mẹ́ta ni mo béèrè nínú àwọn lẹ́tà mi. Méjì ló kù báyìí: ẹ fi èèyàn sórí àga kejì, kí ẹ sì yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ń retí rẹ̀.

10. Láago méje àárọ̀ ọ̀la, bàálù wa mẹ́ta máa gbéra. Òfin ní kí èmi fọwọ́ sí ìwé wọn pé wọ́n tó fò. Màá fọwọ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì wọn dára, bíréèkì wọn dára, rédíò wọn ń sọ̀rọ̀. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.

Ẹ ṣeun, tí ẹ bá kà á débí.

Èmi ni tiyín, lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀,

(Ìfọwọ́sí)
Mẹkáníìkì Àgbà,
ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn.