Ìwé Lọ́wọ́ Mi, Fíìmù Lọ́wọ́ Yamandú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Karùn-ún 2023

Ìwé, má bínú. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń da yíǹkì sí ọ lára? Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lásán, ará Tacuarembó, ìgbèríko tí àgùntàn pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí kò tíì lè la ẹnu nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Olùkọ́ Nibia pín wa ní méjì-méjì, kí a fi ìwé ìtàn wé fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú rẹ̀. Tiwa ni Ìgbà Ìrẹ́run: Eusebio àti Lino, olùrẹ́run àgùntàn, ọkùnrin méjì tí ìfẹ́ wọ àárín wọn. Èmi àti Yamandú ni wọ́n pa pọ̀ — ọmọ bíbí Montevideo, olú-ìlú tí a wà níbí, tí gbogbo ilé oúnjẹ ń bá rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́nu ni mo máa pè é níhìn-ín.

Ó ní, "Ọmọ àgùntàn, ìwọ ka ìwé, èmi á wo fíìmù. Ká má pa ara wa."

Mo ní ó dáa. Kí ló dé tí ó fi yára pín in bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́rú, 10

Ojú ìwé ọgọ́rùn-ún. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ara wọn. Eusebio tó ti darúgbó ló ń sọ ìtàn fún Lino tó ti kú. Nígbà tí Dardo tí a jọ ń gbé yàrá wọlé, mo ti ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ẹlẹ́nu ti lọ sí sinimá. Ó kọ ohun tó rí sí ewé ìwé méjì fún mi. Nínú rẹ̀: òjò ń rọ̀, Eusebio àti Lino ń rẹ́run lábẹ́ páànù. Lino fa apá ṣúẹ́tà rẹ̀ bo ọwọ́ dé ọmọ ìka. Ó ń fi ètè tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò kó tó sọ ọ́ síta. Eusebio ń wò ó.

Kò sí níbi tí mo kà dé nínú ìwé. Ó dára gan-an. Ó sì ń rùn bí irọ́.

Ta ló ń rẹ́run àgùntàn tí òjò pa? Nílé wa, bí òjò bá rọ̀, àwọn olùrẹ́run á jókòó ti máté, tíì ewé wọn, títí ẹran á fi gbẹ. Irun tútù a máa jẹrà nínú àpò. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Yálà àwọn oníṣẹ́ fíìmù ò mọ àgùntàn, tàbí —

Mo bi í pé ṣé ó wò ó dé òpin. "Ọlọ́pàá ni ọ́ ni? Kí n lọ pe ẹlẹ́rìí wá?" Ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké "mèèè" sí mi, gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí mo máa fi ìyẹn sí.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mo ti ka ìwé tán. Ojú ìwé 212 ni ọwọ́ wọn tó pàdé, lórí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn ìyẹn, Lino bá ẹgbẹ́ olùrẹ́run lọ. Ó tán. Mo sunkún nílé ìwẹ̀.

Ọjọ́rú, 17

Ẹlẹ́nu ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé. Kí ló ń wá?

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Nítorí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, mo gbà á gbọ́; orí òjò yẹn ni mo kọ́ gbogbo àròkọ wa lé: pé fíìmù tí kò lè sọ èrò Eusebio fi ojú rẹ̀ sọ ọ́. Olùkọ́ Nibia kà á, wọ́n wò mí.

"Wilmar, níbo ni òjò ti rọ̀ nínú fíìmù yìí?"

"Yamandú ló wò ó, mà."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹnì kan ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹnì kejì ń gbé e mì? Lọ fi ojú ara rẹ wò ó. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbà á."

Mo ti mọ̀. Pàkúté ni. Ẹlẹ́nu àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo dá lọ. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá.

Kò sí òjò. Ọ̀dá ni, eruku ni. Láàárín ogún ìṣẹ́jú wọ́n ti fẹnu konu — ìwé fi ojú ìwé tó lé ní igba dúró de ìfọwọ́kàn lásán! Fíìmù náà lẹ́wà, kò ní sùúrù. Irọ́ Ẹlẹ́nu sún mọ́ ìwé jù ú lọ. Lino tiwọn, gìrìpá kan ni, ó ká apá aṣọ dé ìgúnpá, ó ń pariwo.

Ta ló wá ń fa apá ṣúẹ́tà bo ọwọ́?

Mo wo ọwọ́ mi. Apá ṣúẹ́tà mi ti bò ó dé ọmọ ìka.

Mo dìde. N kò mọ bí fíìmù ṣe parí.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo bá Ẹlẹ́nu létí omi. Mo ní, "Òjò kò rọ̀."

Ó ní, "Mo sá jáde nígbà tí wọ́n fẹnu konu. Mi ò lè dá jókòó wò ó."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Mo kọ ohun tí mo máa ń rí."

"Kí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè rí mi fi rẹ́rìn-ín."

"Béèrè lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó rí ewé yẹn àfi ìwọ."

N kò gbà á gbọ́. Ẹni tó lè purọ́ òjò, kí ni kò lè purọ́ rẹ̀? Mo ti yọ òjò kúrò nínú àròkọ, màá sì sọ òótọ́ fún Olùkọ́ Nibia.

Ẹlẹ́nu ní wọn óò tún fi fíìmù náà hàn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yìí, ká jọ wò ó dé òpin. Mo ní èmi ti wò ó. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ká débẹ̀ ní márùn-ún àbọ̀, kí ìjókòó má baà tán.

Aago márùn-ún ti kọjá. Ìwé, mò ń lọ. Má jẹ́ kí Dardo gbọ́. Bí ìyá mi bá tú ẹrù mi nígbà ìsinmi tó sì ṣí ọ, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé iṣẹ́ kíláàsì ni.