Ìyá Rẹ Kò Tẹ́ Rí

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yín? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ìlú ńlá gbá ọ láti ọjọ́ yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ní tiwa níbí, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti ń jò, ewúrẹ́ aránṣọ aládùúgbò wa bí ìbejì, aránṣọ wá ń yan kiri àdúgbò bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló bí wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé, ìwà rẹ ni.

Aránṣọ gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó ní o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo gbà á, mo fi ojú ara mi kà á: “Baba, Iya o fe te. Mo n wa gbogbo ona ki won te daadaa.” Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ta àmì lọ́dọ̀ yín. Mo tún un kà. Mo bi ara mi pé irú ọmọ wo ló ń wá gbogbo ọ̀nà kí ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú sàárè tẹ́. Ìyá rẹ kò tẹ́ rí. Gbogbo àdúgbò ló bọ̀wọ̀ fún un títí ó fi kú, ìwọ wá ní kò fẹ́ tẹ́, àfi kó tẹ́.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní títẹ́ bí ẹní ni o ń wí, pé fíìmù fọ́tò àtijọ́ ìyá rẹ tí mo fi ránṣẹ́ ló ká kò, tí kò fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí sikáànà. Mo ní sikáànà kẹ̀? Èyí tí mo mọ̀ ni wọ́n fi ń wo aláboyún. Kí ni ẹ wá ń wò nínú olóògbé? Ó ní irú mìíràn ni, àpótí onídígí ni, iná á kọjá lára fíìmù, fọ́tò á jáde. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n fọ́tò wo ló jáde nínú èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ? Ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìyá rẹ mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣú bàìbàì bí ẹni tó ń dáná igi tútù. O ní ibẹ̀ ni fíìmù ti wú sókè. O wá fi dígí mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òrùka aláràbarà bí epo ọkọ̀ lójú omi sì yí i nímú ká. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ìwọ tí o kàwé títí, tí o jókòó sábẹ́ fáànù, fíìmù tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ ni ò ń bá jìjàkadì, òun ló sì ń dá ọ. Nílé níbí, ẹní tó bá ká, a ó ká a sódì, yóò tẹ́. Aṣọ tó bá hunjọ, a ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Aránṣọ ní fíìmù yóò yọ́. Kí ni aránṣọ mọ̀ nípa fọ́tò.

O ní kí n fi ègé fíìmù kejì ránṣẹ́, èyí tí ìyá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ti pinnu pé n kò ní fi ránṣẹ́ sí ọ̀lẹ. Àná ni mo gbé e sójú fèrèsé láti wò ó. Nínú fíìmù, funfun a di dúdú, dúdú a di funfun: eyín dúdú, irun funfun, àlejò ni. Mo ní kí n kúkú rántí ojú rẹ̀ fúnra mi, kò wá. Ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi, ìbínú rẹ̀ pàápàá wà, ojú rẹ̀ ló ti ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. A kò ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn.

Nítorí náà, mo ń mú fíìmù náà bọ̀ fúnra mi, n ó sì dúró tì ọ́ títí yóò fi tẹ́. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti ti páànù òrùlé. Má fi í gba inú fóònù aránṣọ, nítorí ojú fóònù náà ti sán, owó lè gba ibẹ̀ jò. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ rere. Wàá pẹ́ láàárín wọn. Wọn yóò mọ ojú rẹ sórí, wọn kò ní fi maṣíìnì wá a.

Èmi ni bàbá rẹ.